Ṣé Àìgbà Pé Ọkàn Wà Ló Ń Bí Ìkórìíra?

Ọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ Àìkú. A kọ ọ́ sílẹ̀ láti inú ohùn márùn-ún, fún ẹ̀yin tí dátà yín kò gbé ohùn.

Ohùn kìíní

    

Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ẹyọ ni mo ṣèlérí fún alẹ́ òní. Ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí gúrúùpù wa ní Ọjọ́rú kò jẹ́ kó ṣeé ṣe. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà, báyìí ló ṣe lọ. Ọ̀kan nínú wa kú, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún un. Bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́ pé kí ọkàn rẹ̀ sinmi, àbúrò wa kan, tí mi ò ní dárúkọ, kọ ọ́ pé òun bá ẹbí kẹ́dùn, ṣùgbọ́n òun ò gbà pé ohun kan wà tó ń jẹ́ ọkàn tó máa ń jáde lára lọ síbì kan. Ó ní bí ènìyàn bá kú, ó parí náà nìyẹn. Ká sòótọ́, kò yẹ kó sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. A ò tíì sin òkú.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ohùn tó wọlé ti lé ní ọgọ́ta. Ẹnìkan ní ẹni tí kò bá gbà pé òun ní ọkàn, kò sí ohun tí kò lè ṣe. Ẹnìkan ní irú wọn ló máa ń kórìíra ọmọ ènìyàn. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n yọ ọ́ nínú àjọ kí ó tó kó owó wa sá lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ pé "Ẹ yọ ọ́" ńkọ́? Èmi ni. Ẹ lọ wò ó, ó ṣì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé èmi ló yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Èmi gbà pé ọkàn wà. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, mi ò sì ní yí i padà. Bóyá ọkàn wà àbí kò sí, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn pásítọ̀ àti àwọn àáfà. Ẹ̀sùn tí a fi kan ọmọ yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò: ṣé òótọ́ ni pé ẹni tí kò gba ọkàn gbọ́ ló máa ń kórìíra ẹlòmíràn? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ro ó, tí mo ń padà sínú àwọn ìtàn tí mo ti kà. Ibi tó gbé mi dé yà mí lẹ́nu, torí àwọn oníṣòwò bíi tiwa ni mo bá níbẹ̀, àwọn tó kúrò nílé lọ jẹun nílẹ̀ onílẹ̀.

Ohùn kejì

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Amsterdam, ní ilẹ̀ Họ́láńdì, bí irinwó ọdún sẹ́yìn.

Àwọn Júù kan wà níbẹ̀ tí orísun wọn jẹ́ ilẹ̀ Potogí. Ní 1497, ọba Potogí fi ipá sọ àwọn Júù ilẹ̀ rẹ̀ di Kìrìsìtẹ́nì. Nígbà tó di 1536, wọ́n dá kóòtù ìjọ Àgùdà tí wọ́n ń pè ní Inquisition sílẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ kóòtù yìí ni láti wádìí bóyá ẹni tí wọ́n rì bọmi ṣì ń ṣe ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Bí aládùúgbò rẹ bá lọ fẹjọ́ rẹ sùn, wọ́n lè gbé ọ, wọ́n lè gba dúkìá rẹ, wọ́n lè fìyà jẹ ọ́ títí o ó fi jẹ́wọ́. Wọ́n dáná sun ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ sì fi èyí sọ́kàn: àwọn tó ṣe é kò ṣiyèméjì rárá pé ọkàn wà. Wọ́n ní ọkàn ènìyàn gan-an ni àwọn ń dáàbò bò.

Àwọn tó bá ráyè sá, wọ́n sá. Amsterdam gba ọ̀pọ̀ wọn. Òwò ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: ṣúgà láti Bùràsíìlì, òróró, wáìnì, èso gbígbẹ. Wọ́n kọ́ sínágọ́gù, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń ran aláìní wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àlejò ni wọ́n. Ní 1616, ìjọba ìlú ṣe òfin fún wọn. Lára rẹ̀ ni pé wọn ò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun, wọn ò sì gbọdọ̀ kọ ohunkóhun tó tàbùkù ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílùú onílùú, ẹ mọ irú òfin bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ tàbí èyí tí wọn ò kọ. Bí ẹnìkan ṣoṣo nínú yín bá sọ̀rọ̀ lọ́jà, gbogbo yín lẹ sọ ọ́.

Àárín àwọn ènìyàn yìí ni Uriel da Costa wá bọ́ sí. Porto, ní Potogí, ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bíi 1585. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ìjọ ní Coimbra, ó sì ṣe akápò ìjọ kan ní Porto. Akápò o! Ipò gidi ni. Ó fi ipò náà sílẹ̀, ó kó ìyá rẹ̀ àti àwọn arákùnrin rẹ̀, wọ́n gba ojú òkun sá lọ, torí ó fẹ́ padà sí ẹ̀sìn àwọn baba ńlá rẹ̀.

Nígbà tó dé àárín àwọn ènìyàn rẹ̀, ohun tó bá níbẹ̀ kò bá ohun tó kà nínú Bíbélì mu, lójú tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìbéèrè. Ní 1618, àwọn olórí Júù ní Venice yọ ọ́ lẹ́gbẹ́. Ní 1623, àwọn ti Amsterdam náà yọ ọ́. Ní 1624, ó tẹ ìwé kan jáde, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò rí i nínú òfin Mósè pé ọkàn ènìyàn máa ń wà láàyè lẹ́yìn ikú; pé àti ọkàn àti ara, wọ́n jọ ń kú ni. Ìjọba ìlú mú un, wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n bu ìtanràn 300 guilder lé e, wọ́n sì dáná sun ìwé náà. Wọ́n sun ún débi pé, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ẹyọ kan wà. Ọdún 1990 ni ọ̀mọ̀wé kan tó rí ọ̀kan ní ilé ìkàwé kan ní Copenhagen.

Bí wọ́n bá yọ ènìyàn báyìí, ṣé ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí? Àwọn arákùnrin rẹ̀ gan-an yẹra fún un. Ó kọ ọ́ sínú ìwé tó fi sílẹ̀ pé àwọn ọmọdé máa ń pariwo lé òun lórí ní ìgboro. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó rẹ̀ ẹ́, ó padà bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbà á, wọ́n tún yọ ọ́. Bí ọdún méje ló tún lò níta. Ní 1640, ó ní òun gbà, kí wọ́n ṣe èyí tó bá wù wọ́n. Wọ́n kó èrò jọ sí sínágọ́gù, tọkùnrin tobìnrin. Ó ka ìwé ẹ̀bẹ̀. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ dé ìbàdí, wọ́n so ó mọ́ òpó, wọ́n nà án ní pàṣán 39. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Bí ìjọ ṣe ń jáde, wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, tọmọdé tàgbà. Ó délé, ó kọ ìtàn ayé rẹ̀, ó sì fi ìbọn pa ara rẹ̀.

Àwọn kan tó ròyìn ikú rẹ̀ fi kún un pé, kí ó tó pa ara rẹ̀, ó kọ́kọ́ na ìbọn sí ìbátan rẹ̀ kan, ìbọn náà ni kò dún. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìkórìíra wọ inú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tó wọ̀ ọ́. Ọdún 1624 ló tẹ ìwé nípa ọkàn. Ọdún 1640 ni ọ̀rọ̀ ìbọn. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló wà láàárín, àbùkù ló sì kún inú wọn. Ẹni tí wọ́n tẹ́ sẹ́nu ọ̀nà bí ẹní, tí ọmọ kékeré ń gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ṣé ọ̀rọ̀ ọkàn la ṣì máa ní ó bí ìbínú rẹ̀?

Ohùn kẹta

Ó ti tó kí ẹ máa bínú sí àwọn àgbà Amsterdam báyìí. Ẹ rọra. Mo wo ọ̀rọ̀ wọn títí, mo rí ara mi níbẹ̀.

Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ iná ni. Kìrìsìtẹ́nì ni àwọn onílẹ̀ tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wọn, àwọn onílẹ̀ náà sì gbà pé ọkàn wà. Bí ìlú bá gbọ́ pé Júù kan ń kọ ọ́ pé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ikú, wọ́n á ní: ṣé irú àwọn tí a gbà sílé nìyí? Kí wọ́n má baà lé gbogbo wọn, wọ́n lé ẹyọ kan. Èmi náà, lọ́jọ́ Ọjọ́rú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkàn ló wà nínú mi. Ohun tí mo ń rò ni pé ẹnìkan á fi ohun tí ọmọ yẹn kọ han àwọn ará àdúgbò, wọ́n á ní àwọn Yorùbá ọjà yìí ò nígbàgbọ́, ọ̀rọ̀ á sì dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin tí ojú yín ti rí ọjọ́ tí wọ́n ń dáná sun ṣọ́ọ̀bù, ẹ mọ̀ pé irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlá.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹnìkejì. Nígbà tí da Costa ṣì wà láàyè, ní 1632, ni wọ́n bí Spinoza sáàárín àwọn ènìyàn kan náà ní Amsterdam. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀. Bàbá kú ní 1654, òun àti Gabriel arákùnrin rẹ̀ sì ń bá òwò lọ, wọ́n ń kó èso gbígbẹ wọlé. Oníṣòwò bíi tiwa ni, ẹ gbọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje 1656, ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ìjọ gégùn-ún fún un, wọ́n yọ ọ́. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ lẹ́tà sí i tàbí bá a gbé abẹ́ òrùlé kan, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn tó ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin, tàbí kó ka ohun tó bá kọ. Oníṣòwò tí àwọn tó ń bá a nájà ò gbọdọ̀ sún mọ́, òwò rẹ̀ parí nìyẹn.

Ìwé tí wọ́n fi yọ ọ́ kò to ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n ní 1659, àwọn méjì tó ti bá a pàdé ní Amsterdam, àlùfáà Àgùdà kan àti ọ̀gágun kan, lọ ròyìn fún Inquisition ní Madrid pé òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ń sọ pé ọkàn máa ń kú pẹ̀lú ara.

Ó dáa. Bí ẹ̀sùn wa bá jẹ́ òótọ́, ẹni tó yẹ kó di ìkà nìyí. Wọ́n gba òwò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba ẹbí lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ní ẹnìkan fi ọ̀bẹ lé e rí, tó fi jẹ́ pé ó fi ẹ̀wù tí ọ̀bẹ náà ya pamọ́. Kí ló wá ṣe? Ó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ó ń lọ gíláàsì tí wọ́n fi ń ṣe awò tí a fi ń wo ohun tó jìnnà. Yàrá háyà ló ń gbé. Nígbà tó kú, pásítọ̀ ìjọ Lutheran kan ní The Hague, Colerus, wádìí nípa rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó gbé ilé fún un. Ohun tí Spinoza kọ ò dùn mọ́ pásítọ̀ yìí nínú rárá. Síbẹ̀, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1705, ohun tó kọ ni pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Pé bí ara ẹnìkan nínú ilé kò bá yá, ó máa ń lọ tù ú nínú. Pé ó máa ń gba àwọn ọmọ ilé níyànjú kí wọ́n máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹlòmíràn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ẹnìkan tó jẹ ẹ́ ní 200 guilder wọko gbèsè. Spinoza rẹ́rìn-ín, ó ní òun á dín ìnáwó òun kù láti fi dí i. Ẹ̀yin ará mi, ta ló lè rẹ́rìn-ín nínú wa?

Inú rẹ̀ náà ru lọ́jọ́ kan o. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ 1672, èrò ya bo tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ní The Hague, Johan àti Cornelis de Witt, àwọn olóṣèlú ńlá. Wọ́n pa wọ́n, wọ́n gé ẹ̀yà ara wọn, wọ́n ń tà á. Ìlú onígbàgbọ́ ni The Hague o. Leibniz, onímọ̀ ará Jámánì tó lọ bẹ Spinoza wò, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Spinoza sọ fún òun pé òun fẹ́ jáde lóru ọjọ́ náà lọ lẹ ìwé mọ́ itòsí ibẹ̀, ìwé tó máa pe àwọn tó ṣe é ní ẹhànnà. Onílé rẹ̀ ló tilẹ̀kùn mọ́ ọn, kí wọ́n má baà fa òun náà ya. Nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1677 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó kọ́ni pé bí a bá fi ìkórìíra san ìkórìíra, ńṣe ló ń pọ̀ sí i, pé ìfẹ́ ló lè pa á.

Ohùn kẹrin

Mo gbọ́ yín. Ẹnìkan ń sọ pé: ó dáa, kì í ṣe ìkà, ṣùgbọ́n ṣé mo lè fi owó mi sí i lọ́wọ́? Ìbéèrè gidi nìyẹn, ọlọ́gbọ́n ńlá kan sì ti béèrè rẹ̀ rí.

John Locke, ọmọ Ìlú Ọba, sá lọ sí Họ́láńdì kan náà nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Níbẹ̀, ní 1685, ó kọ lẹ́tà kan sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Philipp van Limborch, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1689. Ó ní kí ìjọba fi olúkúlùkù sílẹ̀ kó sin Ọlọ́run bó ṣe yé e. Ṣùgbọ́n ó yọ àwọn kan sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá sọ pé kò sí Ọlọ́run, kí wọ́n má gbà á láàyè, torí pé ìlérí, májẹ̀mú àti ìbúra ò lè de irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ akápò wa gan-an nìyẹn! Locke ń sọ ti Ọlọ́run, àwa ń sọ ti ọkàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan náà ni: ẹni tí kò retí ìdájọ́, kí ló máa dì í mú? Ẹ sì wò ó, Limborch tó gba lẹ́tà yìí, òun náà ló tẹ ìtàn ayé da Costa jáde ní 1687.

Pierre Bayle náà ń gbé Họ́láńdì nígbà yẹn, ní Rotterdam. Ọmọ Faransé ni, ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ló ń ṣe, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n gbádùn nílé. Ní 1682, ó tẹ ìwé kan nípa ìràwọ̀ onírù tó yọ lójú ọ̀run ní 1680. Inú ìwé náà ló ti sọ ohun kan tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú: pé kì í ṣe ohun tí ènìyàn gbà gbọ́ ló ń darí ohun tó ń ṣe. Ìwà tó ti mọ́ ọn lára ló ń darí rẹ̀, ohun tó ń wù ú, ìtìjú, ìfẹ́ orúkọ rere, ìbẹ̀rù òfin. Ó ní nítorí náà, ìlú àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ lè dúró bí ìlú yòókù, bí òfin bá wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ju Jacob ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́wọ̀n ní Faransé nítorí ẹ̀sìn, ó sì kú síbẹ̀. Onígbàgbọ́ ni àwọn tó tì í mọ́lé.

Ọ̀rọ̀ Locke dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ọjà wa wọ̀n ọ́n. Ta ló kó àjọ sá lọ láyé yín rí? Èmi ti pàdánù owó àjọ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn méjèèjì tó kó o lọ, àdúrà ni wọ́n fi ń ṣí ìpàdé, wọ́n sì máa ń gùn ún. Ohun tó ń mú àjọ dúró ni ìwé àkọsílẹ̀, onídùúró, àti ojú tí ènìyàn máa fi wo ìyàwó Láṣojú ọjà bó bá dalẹ̀. Bayle ò wá sọ́jà wa, àmọ́ ó mọ ọjà.

Kí n má ṣe bí ẹni tó ń gbẹjọ́ lápá kan ṣoṣo. Apá kejì wà. Ní Rọ́ṣíà lẹ́yìn 1917, ìjọba kan dé tó ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé pé kò sí Ọlọ́run, kò sí ọkàn. Ní 1931, wọ́n fi ohun abúgbàù wó kàtídírà ńlá tó wà ní Mọ́sìkò palẹ̀. Láàárín 1937 sí 1938, ní ibì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Butovo, nítòsí Mọ́sìkò, wọ́n yìnbọn pa ènìyàn tó ju 20,000 lọ. Ọgọ́ọ̀rọ̀ àwọn àlùfáà àti ọmọ ìjọ wà nínú wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé bí a bá ti mú ọ̀rọ̀ ọkàn kúrò nílẹ̀, ìkórìíra á tán. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ dáadáa. Àgbẹ̀ wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ́múníìsì fúnra wọn wà níbẹ̀, àwọn tí kò gba ọkàn gbọ́ bíi ti ìjọba náà gan-an. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ènìyàn kò yàtọ̀ sí ti Inquisition: ṣé tiwa ni ọ́, àbí ọ̀tá ni ọ́?

Ohùn karùn-ún

Èyí ló kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká padà sílé.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kan nínú yín, bàbá yín tàbí ìyá yín wà níbẹ̀, ní Accra, ní Kumasi, ní Tamale: ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Èjìgbò. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀, àwọn míì fi ilé sílẹ̀. Ṣé ẹnìkan bi wọ́n bóyá wọ́n gbà pé ọkàn wà? Àwọn tó lé wọn ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Àwọn tí wọ́n lé náà ń lọ. Ọrọ̀ ajé ló burú, iṣẹ́ ò sí, wọ́n sì rí àlejò tó ń tajà, wọ́n ní òun ló jẹ ẹ́ tán.

Ní oṣù Kìíní 1983, àwa náà dá a padà. Owó epo ti wálẹ̀, nǹkan le. Ìjọba Nàìjíríà ní kí àlejò tí kò níwèé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì tí wọ́n kó ẹrù sí, tí ẹ̀ ń tà lọ́jà títí di òní, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ rẹ̀: Ghana Must Go. À ń pe orúkọ náà lójoojúmọ́, a ò kì í rò ó.

Nítorí náà, ibi tí mo dé nìyí. Mi ò rí i nínú ìtàn pé àìgbà pé ọkàn wà ló ń bí ìkórìíra. Ibi tí mo ti rí ìkórìíra, ẹ̀rù ló wà níbẹ̀, tàbí ìyà, tàbí àbùkù, àti ẹnìkan tó dá yàtọ̀ tí wọ́n lè di gbogbo rẹ̀ lé lórí. Onígbàgbọ́ ti ṣe é. Aláìgbàgbọ́ ti ṣe é. Àwọn bàbá wa kúkú ti fi èdè wa sọ ibi tó ń gbé. Inú burúkú, wọ́n ní. Inú rere. Inúnibíni. Inú là ń wò, ìwà ló sì ń gbé inú jáde. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ yìí kórìíra wa, ẹ wo ohun tó ti ṣe láàárín wa.

Ọdún mẹ́rin ló ti wà nínú àjọ yìí. Akápò, ẹ wo ìwé yín: oṣù wo ni kò san? Ẹ̀yin tí iná jó ọjà yín lọ́dún tó kọjá, ẹ rántí ẹni tó gbé mọ́tò láìgba owó. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, ẹ má bínú sí mi. Oṣù tó ń bọ̀ ló kàn án láti kó àjọ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ láti Ọjọ́rú. Bí a bá yọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, kí la máa pe ohun tí a ṣe? Ṣé ọkàn là ń dáàbò bò, àbí owó onígbèsè là ń jẹ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà pé ìdájọ́ wà lẹ́yìn ikú, tí èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí èyí ba àwa lẹ́rù ju bó ṣe yẹ kó ba òun lọ.

Èrò tèmi nìyí, Alága. Kí òun náà lọ bẹ opó, torí kì í ṣe ọjọ́ ọ̀fọ̀ là ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí àwa tí a pè é ní ìkà bẹ̀ ẹ́. Kí ó kó àjọ rẹ̀ ní ọjọ́ rẹ̀.

Mo pè é lánàá. Mo ní, "Àbúrò, mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ." Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n." Ìyẹn nìkan ló sọ. Ohùn rẹ̀ ò dùn, mi ò sì dá a lẹ́bi. Mo rántí da Costa àti ọdún mẹ́rìndínlógún rẹ̀. Ọmọ yìí ṣì ń gbé fóònù wa. Ìgbà tó ṣì ń gbé e ló yẹ ká tún un ṣe.

 Ẹ dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ní kúkúrú, ẹ má fi ohùn gígùn ránṣẹ́ bíi tèmi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, owó ẹyọ. Ó dàárọ̀ o.